Bronisław Geremek: Òpìtàn Tó Bá Àwọn Tó Tì Í Mọ́lé Jókòó Sídìí Tábìlì Kan Náà

Bí ẹ bá ń ka bí ìjọba Kọ́múníìsì ṣe dojú dé ní ìlà-oòrùn Yúróòpù lọ́dún 1989, orúkọ méjì ló máa ń kọ́kọ́ yọjú láti orílẹ̀-èdè Pólándì: Lech Wałęsa, oníṣẹ́ iná mànàmáná tó padà di ààrẹ, àti Póòpù John Paul Kejì. Orúkọ Bronisław Geremek kì í tètè jáde. Bó bá sì jáde, ńṣe ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọmọ Júù ni, àmọ́ inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọdún 18 ló fi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, àwọn Kọ́múníìsì kan náà ló sì tì í mọ́lé lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn àwọn alágbe àti olè ìlú Paris láyé àtijọ́ ló mọ̀ bí ẹni mowó, síbẹ̀ òun ni wọ́n gbé ìdúnàádúrà lórí òfin ìdìbò lé lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ dójú ọ̀gbagadè. Nígbà tó wá pé ẹni ọdún 75, ìjọba orílẹ̀-èdè òmìnira tó jà fún náà tún fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìwé kan tó kọ̀ tí kò fọwọ́ sí.

Ní Pólándì gan-an, àwọn kan ń pè é ní akọni, àwọn kan ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, nítorí lójú tèmi kò sí ìtakora níbẹ̀ bí a bá mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ṣe òpó ìgbésí ayé rẹ̀. Àdéhùn ni. Ó gbà pé ohun tí ọ̀tá méjì bá jọ fẹnu kò lé lórí ní gbangba níye lórí ju ìṣẹ́gun tí a fi òkú èèyàn rà lọ. Ó sì gbà pé ẹni tó bá ṣe àdéhùn gbọ́dọ̀ dúró tì í, kódà bó bá ká a lára.

Ìlú Warsaw ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1932. Benjamin Lewertow ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ogun Hitler dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, àwọn ará Jámánì mọ odi yí apá kan Warsaw ká, wọ́n sì kó àwọn Júù tó lé ní 400,000 há sínú rẹ̀, ìdílé rẹ̀ wà lára wọn. Ebi àti ibà pa àwọn èèyàn níbẹ̀ bí ẹní pa eṣinṣin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1942, láàárín nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó èèyàn tó tó 265,000 kúrò nínú odi náà lọ sí àgọ́ Treblinka, ikú ni wọ́n kó wọn lọ bá. Benjamin àti ìyá rẹ̀ rọ́nà jáde kí wọ́n tó pa àdúgbò náà run lọ́dún 1943. Ọkùnrin ọmọ Pólándì kan, Stefan Geremek, ló fi wọ́n pamọ́. Ó fẹ́ ìyá náà nígbà tó yá, ó sì fún ọmọ ní orúkọ ìdílé rẹ̀. Bàbá tó bí i kú sí Auschwitz, àgọ́ ikú mìíràn.

Geremek kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní gbangba. A gbọ́dọ̀ rántí wọn, torí láìsí wọn, ohun tó tẹ̀ lé e kò ní yé wa.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì lọ́dún 1950, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró béèrè pé irú alátakò Kọ́múníìsì wo nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú ojú ọmọkùnrin náà. Àwọn tó pa bàbá rẹ̀, ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì ló lé wọn lọ. Ẹgbẹ́ tó gba ìjọba ń kéde pé òun kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá Júù ni tàbí Àgùdà, pé ọmọ mẹ̀kúnnù yóò lọ sí yunifásítì, pé Warsaw tó ti di òkìtì àlàpà yóò tún dìde. Ọmọ tó jáde láti inú odi yẹn, kí ni ì bá mú kó má gbà wọ́n gbọ́? Àìmọye ọ̀dọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Èmi kò rí i bí àbààwọ́n. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tó ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ là.

Ọdún 1968 ni ojú náà là tán. Ní oṣù Kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Warsaw ṣe ìwọ́de nítorí pé ìjọba ń fagi lé eré àti ìwé tó bá wù ú, ọlọ́pàá sì fi kóńdó dá wọn lóhùn. Ìjọba wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ó sì mú àwọn Júù. Wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń bú wọn nínú ìwé ìròyìn, àwọn tó lé ní 10,000 sì fi Pólándì sílẹ̀ lọ sí òkèèrè. Ẹgbẹ́ tó ṣèlérí pé òun kò ní bi ẹnikẹ́ni ní orírun rẹ̀ ló ń ṣe èyí. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì wọ Prague láti tẹ ìjọba tó fẹ́ tú ìdè díẹ̀ fún àwọn ará Czechoslovakia mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun Pólándì sì bá wọn lọ. Geremek fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò tíì pé ọdún 37, ó níyàwó, ó bímọ, ó sì níṣẹ́ tó dára ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìtàn tó jẹ́ ti ìjọba. Gbogbo èyí ló fi wewu.

Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ lé iṣẹ́ ìwé rẹ̀ díẹ̀, torí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóṣèlú nìkan máa ń fò ó. Láàárín 1956 sí 1958 ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, ó sì tún padà síbẹ̀ lọ́dún 1962 láti ṣe olórí ibùdó àṣà Pólándì ní Sorbonne fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe ọba àti ogun ló lọ wá nínú ìwé àtijọ́. Àwọn ìwé ilé ẹjọ́ Paris láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ń tú, ìwé tí akọ̀wé fi kọ ohun tí olè kan jẹ́wọ́ kí wọ́n tó so ó kọ́, àti ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọ̀daràn kọ sí ọba pé kó dárí jì wọ́n. Nínú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀daràn gbọ́dọ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀: ibi tí wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tó kọ́, bí iṣẹ́ ṣe bọ́, ẹni tó kó o wọ ẹgbẹ́ búburú. Ìtàn àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìtàn wọn rí ló ti inú rẹ̀ jáde.

Ibì kan wà ní Paris ìgbà yẹn tó ń jẹ́ Place de Grève, lẹ́bàá odò Seine. Níbẹ̀ ni àwọn alágbàṣe máa ń kóra jọ sí ní ìdájí, kí àwọn tó ń kọ́lé tàbí tó ní ọgbà àjàrà wá mú èyí tó wù wọ́n fún iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí wọ́n mú lónìí ní oúnjẹ lónìí. Ẹni tí wọn kò mú fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ báárà, bí ọwọ́ bá sì tún ti báárà náà sẹ́yìn, ó lè jalè. Ohun tí Geremek fi hàn ni pé kò sí odi láàárín alágbàṣe, alágbe àti olè. Èèyàn kan náà lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọdún kan. Ó tún fi hàn bí ojú tí àwùjọ fi ń wo òtòṣì ṣe yí padà. Láyé àtijọ́, alágbe wúlò: ẹni tó fún un ní ọrẹ ń ra ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1500 síwájú, tí ìyàn àti àìríṣẹ́ ti kó ẹgbàágbèje wọ ìlú ńlá, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn òtòṣì sílẹ̀, wọ́n ń nà wọ́n lẹ́gba, wọ́n ń fi tipátipá kó wọn ṣiṣẹ́. Láti inú àánú ni wọ́n ti dé ibi igi tí wọ́n fi ń so èèyàn kọ́.

Ẹ̀kọ́ nípa ayé àtijọ́ tún ní àǹfààní kan ní Pólándì ìgbà náà. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ọ̀rúndún tiwọn, irọ́ ni ìjọba fẹ́ kó kọ, pàápàá lórí ohun tí Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe sí Pólándì. Ẹni tó ń kọ nípa alágbe Paris lè sọ òótọ́ láìsí ẹni tó ń yọjú wo ohun tó ń kọ. Àmọ́ Geremek kò sá pamọ́ sínú ayé àtijọ́. Lọ́dún 1978 ó wà lára àwọn olùkọ́ tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Yunifásítì Tó Ń Fò. Inú yàrá ìgbàlejò àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń ṣe é: lónìí ilé lágbájá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ilé tàmẹ̀dù, kí ọlọ́pàá má baà mọ ibi tí wọn yóò gbà. Ìtàn tòótọ́, ọrọ̀ ajé, lítíréṣọ̀ tí wọ́n fòfin dè, ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn ará Warsaw ti ṣe irú rẹ̀ rí lábẹ́ ìjọba ọba Rọ́ṣíà, Marie Curie tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì sì wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kàwé níbẹ̀ nígbà náà. Ọlọ́pàá àti àwọn jàǹdùkú tí ìjọba rán máa ń ya wọ ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n sì ń lu àwọn èèyàn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ló gbé òpìtàn yìí dé ojú agbo. Ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Gdańsk, wọ́n lé obìnrin kan tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Anna Walentynowicz, nígbà tó ku oṣù márùn-ún péré kó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 14, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti obìnrin kan: ohun 21 ni wọ́n ń béèrè, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́nu géètì kí gbogbo ìlú lè kà á. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní sí lábẹ́ ìjọba. Kò sí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kọ́múníìsì kankan.

Àwọn ọ̀mọ̀wé 64 fọwọ́ sí lẹ́tà kan ní Warsaw pé àwọn wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́, kí ìjọba má sì yìnbọn. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, ìjọba yìnbọn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Gdańsk àti Gdynia àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́bàá òkun, àwọn tó kú lé ní 40. Geremek àti Tadeusz Mazowiecki, oníròyìn ọmọ ìjọ Àgùdà kan, ni wọ́n gbé lẹ́tà náà lọ sí Gdańsk. Wałęsa gba lẹ́tà, ó dúpẹ́, ó sì sọ fún wọn pé lẹ́tà nìkan kò tó: àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá pẹ̀lú àwọn ògbóǹtarìgì tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ náà nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka òfin. Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn, tí wọ́n di olùdámọ̀ràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ìjọba gbà. Wałęsa fi bírò ràgàjì kan tó ní àwòrán Póòpù lára fọwọ́ sí ìwé. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Solidarność ti inú rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 10 láàárín ọdún kan, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 36 lọ.

Ìjọba kò lè gbé e mì. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1981, Ọ̀gágun Wojciech Jaruzelski, tó ń ṣàkóso Pólándì nígbà náà, kó sójà àti ọkọ̀ ogun sí ìgboro nínú yìnyín, wọ́n gé wáyà tẹlifóònù, wọ́n sì lọ ń gbé àwọn olórí Solidarność lórí ibùsùn wọn. Ọdún kan ni Geremek lò ní àtìmọ́lé. Lọ́dún 1983 wọ́n tún mú un, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nígbà tí ìjọba kéde ìdáríjì. Lọ́dún 1985 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún.

A ti dé ibi tó ta kókó jù wàyí. Nígbà tó fi máa di 1988, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, ọjà gbówó lórí, àwọn òṣìṣẹ́ tún ń daṣẹ́ sílẹ̀. Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì ní Moscow, kò sì fi hàn pé òun yóò tún rán ọkọ̀ ogun sí ẹnikẹ́ni. Àwọn Kọ́múníìsì rò ó pé bí àwọn bá mú Solidarność wọ inú ìjọba díẹ̀, yóò bá wọn ru ẹ̀bi ìyà tí ará ìlú ń jẹ. Ọ̀gágun Czesław Kiszczak, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé tó ni ọlọ́pàá àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lábẹ́, ọkùnrin tí àṣẹ rẹ̀ kó àwọn èèyàn wọ̀nyí sẹ́wọ̀n, ló ránṣẹ́ pe Wałęsa pé kí wọ́n sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ìhà méjèèjì jókòó yí tábìlì rìbìtì ńlá kan ká nínú ààfin kan ní Warsaw. Tábìlì yẹn gan-an, fún ayẹyẹ ni wọ́n ṣe lò ó jù. Nínú yàrá kéékèèké ni iṣẹ́ ti wáyé, Geremek ló sì ṣíwájú ìhà Solidarność nínú ìgbìmọ̀ tó ń jíròrò lórí òṣèlú, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Janusz Reykowski sì wà fún ìhà ìjọba.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, tí wọ́n ń pè ní Sejm, ní àga 460. Nínú rẹ̀, 299 yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àti àwọn tó bá wọn ṣe. Àga 161 yòókù, ẹnikẹ́ni lè dù ú. Wọn yóò dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sílẹ̀, àga 100, gbogbo rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè dù. Ilé méjèèjì yóò jọ yan ààrẹ kan, gbogbo èèyàn sì mọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, pé Jaruzelski ni yóò jẹ́. Solidarność yóò padà di ẹgbẹ́ tó bófin mu.

Ẹni tó bá ka èyí kíá yóò sọ pé wọ́n rẹ́ Solidarność jẹ: wọ́n há ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àga Sejm fún àwọn tó ni agbára tẹ́lẹ̀ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ alátakò sọ nìyẹn nígbà náà. Àmọ́ ẹ wo bí ìdìbò ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ṣe lọ. Ní Pólándì ìgbà náà, wọn kì í tẹ̀ka sí orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Orúkọ àwọn tí wọn kò fẹ́ ni wọ́n máa ń fi bírò fagi lé, ẹni tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n dìbò fún. Àwọn èèyàn wọ ibi ìdìbò, wọ́n sì fagi lé. Nínú àga 161 tí wọ́n dù, Solidarność mú 160 ní ìpele àkọ́kọ́, ó sì mú èyí tó kù ní ìpele kejì. Nínú àga 100 ti ilé àgbà, ó mú 99. Ìwé kan tún wà tí àwọn Kọ́múníìsì kó orúkọ èèyàn ńláńlá 35 sí láìsí ẹni tó bá wọn dù ú, tó fi mọ́ olórí ìjọba fúnra rẹ̀ àti Kiszczak. Ohun tí wọ́n nílò kò ju pé kí ó lé ní ìdajì àwọn olùdìbò má fagi lé wọn. Àwọn 33 kùnà, méjì péré ló wọlé.

Ibí gan-an ni ìwà Geremek ti hàn, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ kò ti dárí jì í. Àga 33 ti ṣófo lára àwọn tí àdéhùn fi fún ìjọba. Òfin kò sọ bí wọ́n ṣe máa dí i. Àwọn ará ìlú tí inú wọn ń dùn ń pariwo pé ó tán, ẹ jẹ́ kó ṣófo, ẹ má fún wọn ní ohun tí wọ́n ti pàdánù. Geremek ní rárá, àdéhùn ni àdéhùn. Wọ́n tún òfin ṣe láàárín ìpele méjì ìdìbò, àwọn èèyàn ìjọba mìíràn sì gba àga náà. Ó dun àwọn èèyàn. Bí mo bá jẹ́ ọmọ Pólándì nígbà náà, bóyá èmi náà ì bá bá wọn bínú. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹnu ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ Kiszczak. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1989, àwọn Kọ́múníìsì Ṣáínà ń fi ọkọ̀ ogun tẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè òmìnira mọ́lẹ̀ ní Beijing, àwòrán rẹ̀ sì wọ inú ilé gbogbo ní Pólándì. Ẹni tó kọ́kọ́ da àdéhùn ló fún ìhà kejì láyè láti da tirẹ̀.

Ní oṣù Keje, Jaruzelski di ààrẹ, pẹ̀lú ìbò tó fi ẹyọ kan ṣoṣo ju iye tó nílò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ti ń tẹ̀ lé àwọn Kọ́múníìsì láti ogójì ọdún wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọ́n sì kó sọ́dọ̀ Solidarność. Bí ìdá 65 tí wọ́n rò pé ó jẹ́ odi ṣe wó nìyẹn. Wałęsa kọ orúkọ mẹ́ta fún Jaruzelski pé kó yan ọ̀kan ṣe olórí ìjọba: Mazowiecki, Geremek àti Jacek Kuroń. Mazowiecki ni wọ́n mú, Sejm sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ. Olórí ìjọba tí kì í ṣe Kọ́múníìsì ti wà ní Warsaw nígbà tí odi Berlin ṣì dúró. Geremek ṣe olórí àwọn aṣòfin Solidarność nílé ìgbìmọ̀.

Ẹ fi wé Ròmáníà, níbi tí òpìtàn mìíràn wà tí òun kò rí tábìlì kankan jókòó sí. Vlad Georgescu, òpìtàn ní Bucharest, ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ceaușescu, aláṣẹ Kọ́múníìsì Ròmáníà, mú lọ́dún 1977 nítorí ohun tó kọ. Ó fi ìlú sílẹ̀, ó di olórí ẹ̀ka èdè Ròmáníà ní iléeṣẹ́ rédíò Radio Free Europe ní Munich, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1988, ó ku ọdún kan kí Ceaușescu ṣubú. Corneliu Coposu, olóṣèlú àtijọ́, ti lo ọdún 17 lẹ́wọ̀n. Ceaușescu kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, àwọn tó kú ní ìgboro lé ní 1,000, wọ́n sì yìnbọn pa Ceaușescu àti ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Ion Iliescu, ẹni ńlá àtijọ́ nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ló wọlé ìdìbò ààrẹ pẹ̀lú ìbò tó tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn kò ní kí àwọn ènìyàn àná kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń sọ pé Pólándì ì bá ṣe tirẹ̀ gbóná-gbóná pohùn pọ̀.

Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ ká yára kọjá. Solidarność fọ́ sí wẹ́wẹ́, Wałęsa àti Mazowiecki bára wọn du ipò ààrẹ lọ́dún 1990, Geremek sì wà lẹ́yìn Mazowiecki, tó ṣe ipò kẹta. Lọ́dún 1991 wọ́n ní kó gbìyànjú láti dá ìjọba sílẹ̀, kò rí iye aṣòfin tó tó. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀pọ̀ èrò ń tẹ̀ lé: ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù, ó máa ń mu páìpù, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Ibi tó ti tàn ni ipò mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, láti 1997 sí 2000. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1999, ní ìlú Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà, ó fi ìwé tó sọ Pólándì di ọmọ ẹgbẹ́ ológun NATO lé Madeleine Albright lọ́wọ́, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, obìnrin tí wọ́n bí sí Prague tí àwọn Kọ́múníìsì sọ ìdílé rẹ̀ di ìsáǹsá. Ìjíròrò láti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tirẹ̀, Pólándì sì wọlé lọ́dún 2004. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù.

Ìjà ìkẹyìn dé lọ́dún 2007. Ìjọba Jarosław Kaczyński gbé òfin jáde pé àwọn aṣòfin, adájọ́, olùkọ́ yunifásítì, oníròyìn àti àwọn mìíràn, gbogbo wọn tó nǹkan bí 700,000, gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé bóyá àwọn bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé Kọ́múníìsì ṣiṣẹ́ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ yóò pàdánù iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò burú láti ìpìlẹ̀. Àwọn èèyàn wà tó ta ọ̀rẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n tà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀. Geremek náà ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó du ipò lọ́dún 2004. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀: ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó fi hàn pé irọ́ ni. Ó ní ìjọba tó ń fi iṣẹ́ ẹni halẹ̀ mọ́ni láti tún jẹ́wọ́ ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lójú. Wọ́n ní ipò rẹ̀ ti bọ́. Àwọn aṣòfin Yúróòpù láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ dìde gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Pólándì fagi lé ọ̀pọ̀ nínú òfin náà, Geremek sì dúró sórí àga rẹ̀ títí ó fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2008, lẹ́bàá abúlé Lubień ní ìwọ̀-oòrùn Pólándì.

Àwọn tó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ní ẹjọ́ kan tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ tì, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́ ọ. Àdéhùn náà náni lówó. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1981, ní ibi ìwakùsà Wujek ní Katowice, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà mẹ́sàn-án tó daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àṣẹ ológun. Nítorí pé ọwọ́ àwọn ènìyàn àná ni wọ́n ti gba ìjọba jẹ́jẹ́, àwọn ènìyàn àná ní àsìkò tó pọ̀ láti jó ìwé, láti gba owó ìfẹ̀yìntì, láti darúgbó. Ẹjọ́ Jaruzelski lórí àṣẹ ológun kò parí títí ó fi kú lọ́dún 2014. Kiszczak gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lọ́dún 2012, àmọ́ wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, kò wọ̀ ọ́. Àwọn ìdílé awakùsà Wujek dúró di ọdún 2007, ó lé ní ọdún 25, kí ilé ẹjọ́ tó dá àwọn ọlọ́pàá tó yìnbọn lẹ́bi. Ohun tí Geremek ṣe dára lójú mi, mo sì gbà pé òun ló gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Àwọn ìdílé yẹn ni wọ́n san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.